Bí O Ṣe Lè Kọ Ìtàn Ìdigunjalè Báńkì Tí Ètò Rẹ̀ Fọ́

Má fi ìbọn bẹ̀rẹ̀ o, àbúrò. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kó ìtàn wá fún mi kà ní Àkúrẹ́ níbí, ìró ìbọn ni wọ́n fi ń ṣí i: gbàù! gbàù! Òkú ti sùn lọ bẹẹrẹ, a ò tíì mọ orúkọ ẹnì kan. Ta ní máa sunkún ẹni tí kò mọ̀?

Owó ni kó o kọ́kọ́ gbé sórí òṣùwọ̀n. Ká sọ pé mílíọ̀nù 50 náírà ni wọ́n ń wá. Bó bá jẹ́ ₦1,000 ni gbogbo rẹ̀, bébà 50,000 ni, bébà kan sì tó bíi gírámù kan. Àpò sìmẹ́ǹtì kan nìyẹn, kílò 50. Sọ ọ́ di ₦200 wàyí: àpò sìmẹ́ǹtì 5! Ọ̀kadà 2 ló sì ń dúró dè wọ́n níta. Níbí gan-an ni kí ètò wọn ti fọ́. Mànéjà ṣí yàrá owó, ₦200 tí àwọn ìyá ọlọ́jà kó wá láti Ọjà Ọba ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ọ̀kan ní kí wọ́n máa lọ, èkejì ní òun ò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n fà á dáadáa, má kánjú. Ọlọ́pàá ò tíì gbọ́ nǹkan kan, àwọn olè náà sì ti ń na ìbọn síra wọn.

Ilẹ̀kùn ńkọ́? O mọ ilẹ̀kùn báńkì wa, èyí tó ń gba èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ti ẹ̀yìn ní láti pa dé kí ti iwájú tó ṣí. Mo ti ka ìtàn tí adigunjalè 7 rọ́ gba ibẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Irọ́! Há ẹnì kan mọ́ inú rẹ̀, òun àti àpò owó, kí àwọn yòókù máa wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì.

Ní ti ẹ̀jẹ̀, ọgbẹ́ kan ṣoṣo tó, bó o bá sún mọ́ ọn. Gáàdì tí ọta bà nítan, bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ti bọ́, ó ń fi bẹ́líìtì di itan ara rẹ̀, ó ń bẹ káṣíà pé kó bá òun pe ìyàwó òun, nítorí ọmọ wọn ti jáde ní ilé ìwé, kò sì sẹ́ni tó máa mú un. Ní Ọ̀fà, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018, èèyàn 33 ni àwọn adigunjalè báńkì pa, ọlọ́pàá 9 wà nínú wọn. Àwọn ẹbí wọn lè ka ìwé rẹ. Má fi òkú ṣe ẹ̀ṣọ́.

Ẹnu ni mo fẹ́ràn jù láti fi tú àṣírí olè. Ọ̀gá wọn ti bojú, Yorùbá tó ń sọ dán bíi ti agbóhùnsáfẹ́fẹ́. Àmọ́ nígbà tí ọta ba àbúrò rẹ̀, èdè Oǹdó ló fi lọgun. Káṣíà tó dojú bolẹ̀ gbé orí sókè díẹ̀: ó mọ ohùn yẹn, ọmọ onílé rẹ̀ ni. Ọ̀gá náà sì rí i pé ó gbórí.

Ìsálọ, ìlà mélòó kan ti tó. Bó o bá fẹ́ òkè àti igbó, ọ̀nà Ìdànrè ni. Bó bá jẹ́ sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ lo fẹ́, Ọ̀nà Ọba Adésídà lọ́sàn-án.

Ìran káṣíà tó mọ ohùn ọ̀gá olè yẹn ni kó o kọ́kọ́ kọ, kó o tó kọ ohunkóhun mìíràn. Bó bá ti ju ojú ìwé 2 lọ, má tíì gbé e wá.