Fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì lórí wáyà kan: èrè tó wà níbẹ̀ fún bísínẹ́ẹ̀sì yín, àti bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é kí ohùn má máa já

Tí wáyà fóònù ọ́fíìsì yín bá ṣì wà lọ́tọ̀, tí ti kọ̀ǹpútà náà wà lọ́tọ̀, bíìlì méjì lẹ ń san, ẹni méjì lẹ sì ń pè tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹni ti fóònù á ní kì í ṣe ẹ̀bi òun, ẹni ti íntánẹ́ẹ̀tì náà á ní kì í ṣe ẹ̀bi òun. Ẹ lè kó méjèèjì pọ̀. VoIP ni wọ́n ń pè é, ohùn yín á di dátà, á sì gba inú wáyà tí email àti fáìlì ń gbà. Èrè wà níbẹ̀ gan-an, àmọ́ ẹ tún nẹ́tíwọ̀kì yín ṣe kẹ́ ẹ tó gbé fóònù lé e, torí tí kò bá gbà á, kọ́sítọ́mà ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Owó ìpè làwọn èèyàn sábà máa ń sọ. Lóòótọ́, tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta, ìpè láti ẹ̀ka kan sí ìkejì á gba orí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ti sanwó ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí owó ìṣẹ́jú kankan. Ṣùgbọ́n lójú tèmi o, èyí tó dáa jù ni pé fóònù àti kọ̀ǹpútà ti lè bá ara wọn ṣiṣẹ́. Kọ́sítọ́mà pè, kí òṣìṣẹ́ yín tó gbé e, orúkọ ẹni yẹn, ohun tó rà kẹ́yìn àti ẹjọ́ tó wá rò lọ́sẹ̀ tó kọjá ti yọ sójú kọ̀ǹpútà, kò ní láti tún máa bi í pé "ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ ní ẹ jẹ́". Ẹni tó yí tábìlì padà á kàn yọ fóònù ẹ̀, á lọ kì í bọ ibòmíì, nọ́ńbà ẹ̀ á tẹ̀lé e. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ látilé náà, àpù lórí laptop ẹ̀ á máa dún bíi pé ọ́fíìsì ló wà.

Ó dáa, ká bọ́ sídìí iṣẹ́. Ohùn ò lè dúró. Email lè pẹ́ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, tí apá kan fáìlì bá sì sọnù lọ́nà kọ̀ǹpútà á tún un béèrè. Ohùn ò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù máa ń gé ọ̀rọ̀ yín sí wẹ́wẹ́, ègé kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ 20 millisecond, ìyẹn ni pé ègé 50 ló ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó bá pẹ́ jù kó tó dé, ńṣe ni wọ́n á sọ ọ́ nù, ọ̀rọ̀ á sì máa já lẹ́nu yín.

Torí ẹ̀, ẹ ka iye ìpè tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, ẹ má ka iye òṣìṣẹ́. Ìpè kan lórí G.711, ìyẹn ọ̀kan lára ọ̀nà tí fóònù ń gbà sọ ohùn di dátà, ń jẹ nǹkan bíi 87 kbps ní lílọ àti 87 ní bíbọ̀, ìpè 20 á wá jẹ́ bíi 1.75 Mbps. Kò pọ̀. Àmọ́ upload, ìyẹn dátà tó ń jáde lọ látọ̀dọ̀ yín, ni kẹ́ ẹ wò, torí ọ̀pọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ni download ẹ̀ yára tí upload ẹ̀ ò tó nǹkan. Tó bá kéré jù, ọ̀nà míì tó ń jẹ́ G.729 wà, nǹkan bíi 31 kbps ló ń jẹ, ohùn ẹ̀ kàn ò mọ́ tó ìyẹn ni.

Lẹ́yìn náà ẹ wọn line íntánẹ́ẹ̀tì yín lọ́sàn-án tí gbogbo èèyàn wà lẹ́nu iṣẹ́, torí èsì alẹ́ tí ọ́fíìsì ti ṣófo á tàn yín jẹ. Kí ohùn má lò ju 150 millisecond lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, kí jitter, ìyẹn bí àwọn ègé yẹn ṣe ń dé ségesège, má ju 30 millisecond lọ, kí èyí tó ń sọnù má sì tó 1%.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an rèé, ibẹ̀ náà lọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Ẹ ya VLAN, ìyẹn ọ̀nà tó dá wà nínú nẹ́tíwọ̀kì, sọ́tọ̀ fún fóònù lórí switch, ìyẹn àpótí tí wáyà nẹ́tíwọ̀kì ọ́fíìsì ń já sí, ẹ tan QoS, ìyẹn ètò tó ń sọ ohun tó máa kọ́kọ́ kọjá, lórí switch àti router, kẹ́ ẹ sì fún ohùn ní àmì EF, ìyẹn DSCP 46. Àmì yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n yà fún un, bí wọ́n ṣe ń yà fún ọkọ̀ tó gbé aláìsàn lójú títì. Àmọ́ àmì nìkan ò tó o. Tí ẹnì kan bá ń gbé backup ńlá lọ, tí upload kún, inú modem lèrò ti máa pọ̀, modem ọ̀hún ò sì mọ èwo ni ohùn èwo ni fáìlì. Ẹ sọ fún router kó má rán ju nǹkan bíi 90% upload yín jáde, tó bá jẹ́ 10 Mbps ẹ fi sí 9, kí èrò lè dúró sínú router tó mọ àmì. Ẹ̀yin á gbọ́ ìyàtọ̀ ẹ̀ fúnra yín. Ẹ pa SIP ALG náà lórí router, ìyẹn ètò kan tó ń tún ìsọfúnni ìpè kọ bó ṣe ń kọjá, òun ló sábà máa ń fà á tí ẹnì kan á máa gbọ́ tí ẹnì kejì ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Iná ńkọ́? Fóònù àtijọ́ ń gba iná látinú wáyà ẹ̀, ti tuntun á kú tí iná bá lọ. Ẹ ra switch tó ní PoE, á máa fi wáyà nẹ́tíwọ̀kì gbé iná fún fóònù, kẹ́ ẹ wá fi switch, router àti modem sórí UPS, ìyẹn bátìrì tó ń gbé iná fún wọn tí iná bá lọ. Ẹ sì jẹ́ kí ilé iṣẹ́ tó ń fún yín ní VoIP mọ àdírẹ́sì ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, torí ìpè pàjáwìrì.

Ọ̀rọ̀ olè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ṣeré. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa wá ẹ̀rọ fóònù tí páswọ́ọ̀dù ẹ̀ ò le lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wọlé lóru, wọ́n á fi pe ilẹ̀ òkèèrè títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ̀yin lẹ máa san án. Ẹ dí gbogbo orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ kì í pè, kẹ́ ẹ sì fi òpin sí owó tí wọ́n lè ná lójúmọ́.

Ẹ má kó gbogbo ọ́fíìsì lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi ẹ̀ka iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ohun tó bá ṣì wà lórí line àtijọ́, fax, alarm, fóònù inú lift, nǹkan tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé nìyẹn. Nọ́ńbà táwọn kọ́sítọ́mà mọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n port ẹ̀, ìyẹn kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ VoIP, tán pátápátá kẹ́ ẹ tó fagi lé line àtijọ́, torí tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ pa line, nọ́ńbà yẹn lè bá a lọ.