Bí a ṣe ń to ẹ̀rọ lésà tó ń fín igi, tí ojú iná rẹ̀ á fi mú

Kẹ́ ẹ tó so wáyà kankan mọ́ra, awò ojú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà: èyí tó ń dí ìmọ́lẹ̀ búlúù 450 nm tí lésà yìí ń tàn, tí wọ́n kọ OD5 (ìwọ̀n bó ṣe ń dí ìmọ́lẹ̀ tó) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára. Awò òòrùn tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba kò lè gba ojú yín sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ búlúù yìí, kódà èyí tó ta padà lára irin, á ti ba ẹyin ojú jẹ́ kéèyàn tó ṣẹ́jú. Gbogbo ẹni tó bá wà nínú yàrá ló gbọ́dọ̀ wọ tirẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ gbé omi sítòsí, ẹ má sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lórí iṣẹ́ láé. Ẹ má fín PVC, ìyẹn irú ike tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi, rárá. Èéfín olóró ló ń tú jáde.

Lésà 5W tó fún igi. Bí páálí bá kọ 40W, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé mélòó ló ń jáde bí ìmọ́lẹ̀, torí iye iná tó ń jẹ ni wọ́n sábà máa ń kọ.

Ẹ fa bẹ́líìtì kó le, kó dún bí okùn gòjé tẹ́ ẹ bá fìka ta á. Lórí Arduino Uno, ìyẹn bọ́ọ̀dù tó ń darí ẹ̀rọ, tó ní GRBL, ìyẹn ètò tó ń sọ bí ẹ̀rọ á ṣe rìn, nọ́ńbà ìtòlẹ́sẹẹsẹ ni $ wà níwájú rẹ̀, kì í ṣe owó. Ẹ fi $32 sí 1, kí lésà máa kú nígbà tí orí ẹ̀rọ bá dúró. $30, ìyẹn nọ́ńbà tó dúró fún agbára lésà tó ga jù, á jẹ́ 1000. Bí bẹ́líìtì bá jẹ́ GT2 (eléyín 2 mm), tí pulley, ìyẹn àgbá tó ń yí i, ní eyín 20, tí driver tó ń darí mọ́tò pín ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí 1/16, ẹ fi $100 àti $101, ìyẹn iye ìgbésẹ̀ mọ́tò fún 1 mm ní ìbú àti ní òòró, sí 80. Ẹ ya igun mẹ́rin 100 mm, kẹ́ ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n.

Ojú iná gan-an niṣẹ́ wà. Ìmọ́lẹ̀ ń tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ láti ibi lẹ́ńsì títí dé ibì kan tá à ń pè ní ojú iná, lẹ́yìn náà ló tún ń fẹ̀. Nígbà tí mo to tèmi nítòsí South Gate FUTA níbí ní Àkúrẹ́, pákó arère tí mo ṣà nílé ìlagi kàn ń dúdú bí ìdí ìkòkò ni. Mo fi agbára kún un, mo dín eré kù, pàbó. Àṣé 3 mm péré ni mo fi gbé lésà ga jù.

Báyìí la ṣe ń wá a. Ẹ gbé orí kan pákó pẹlẹbẹ tó gùn ní 200 mm ka igi tó ga ní 20 mm, kí orí kejì wà nílẹ̀. Ẹ gbé lésà sí gíga tẹ́ ẹ rò pé ó tọ́ fún àárín pákó, kẹ́ ẹ fi agbára kékeré fa ìlà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. 10 mm kọ̀ọ̀kan lórí ìlà náà jẹ́ nǹkan bí 1 mm ní gíga. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ gbé pákó sún mọ́ ojú: ìlà náà á fẹ̀, á sì rí bàìbàì, lẹ́yìn náà á tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, á dúdú kirikiri, á tún fẹ̀. Ẹ sàmì sí ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù.

Ojú iná lésà diode, irú lésà kékeré tá à ń lò yìí, gùn díẹ̀, kì í rí rogodo. Bí ìlà ìbú bá nípọn ju ti òòró lọ, ẹ má rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Ẹ dá orí ẹ̀rọ padà sókè àmì yẹn, ẹ wọn àyè láti ìdí lésà dé ojú pákó, kẹ́ ẹ gé igi kékeré tó ga bákan náà gẹ́lẹ́. Ẹ fi okùn so ó mọ́ ara ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ tí pákó mìíràn bá nípọn jù, orí ẹ̀rọ lẹ óò gbé sókè títí igi yẹn á fi wọlé ṣinṣin sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan lẹ́ńsì mọ́.