Bí a ṣe ń wa ọkọ̀ alágbára tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà lórí yìnyín

Ọdún tí mo kọ́kọ́ ra Subaru WRX ní Minnesota, ìpínlẹ̀ olótùútù kan ní Amẹ́ríkà, ẹni tó tà á fún mi fọwọ́ gbá bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní, "Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń fà, yìnyín ò lè rí i gbé ṣe." Mo gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ tí yìnyín àkọ́kọ́ bọ́, ọkọ̀ náà gbéra bí ẹni pé ilẹ̀ gbẹ, inú mi ń dùn. Ìgbà tí mo dé oríta tí mo tẹ bíréèkì ni mo tó mọ̀ pé ọkùnrin yẹn kò purọ́, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ. Ọkọ̀ ń yọ̀ lọ bí ọṣẹ lórí táìlì, ó kọjá pátákó ìdúró, ó fi imú gún òkìtì yìnyín ní òdìkejì. Orí yọ mí, kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Àbọ̀ tí kò sọ nìyí: ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fà ń ran ọkọ̀ lọ́wọ́ láti gbéra àti láti gun òkè. Ní ti dídúró, Corolla náà ní bíréèkì lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Táyà ló ń dá ọkọ̀ dúró, òun náà ló ń jẹ́ kó yà. Orí rẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: táyà

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ eré bíi WRX ló máa ń ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú táyà ìgbà ooru. Tí ojú ọjọ́ bá ti lọ sísàlẹ̀ 7°C, ìyẹn nǹkan bí 45°F, rọ́bà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í le gbagidi bíi bàtà oníke. Kò ní di ilẹ̀ mú mọ́, kódà kí yìnyín tó bọ́. Táyà ìgbà òtútù ni kí ẹ rà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: àwòrán òkè olórí mẹ́ta tí ẹ̀kán yìnyín wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́tà M+S (ẹrẹ̀ àti yìnyín) nìkan kò tó.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ̀ pé ó ń dun àpò. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi méjì síwájú, ìdí ọkọ̀ á máa gbá yín kiri bí ìrù ajá. Àṣà ilé náà sì wà, níbi tí fọkanáísà ti máa ń bá wa wá táyà tókúnbọ̀ kan ṣoṣo láti fi rọ́pò èyí tó bẹ́. Ẹ má gbé e wọ inú ọkọ̀ yìí o. Subaru ní tirẹ̀ ní kí ìyípo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin má fi ju ìdámẹ́rin ínṣì lọ síra wọn. Tí ọ̀kan bá kéré, á máa yára yí ju àwọn yòókù lọ, jíà tó ń pín agbára láàárín iwájú àti ẹ̀yìn kò ní sinmi, yóò gbóná, yóò sì bàjẹ́. Owó àtúnṣe rẹ̀ ju ti táyà mẹ́rin lọ dáadáa.

Tí rímù yín bá jẹ́ 18, ẹ wo bóyá 17 á wọ̀ ọ́. Táyà rẹ̀ ga díẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fara da kòtò, ó sì máa ń dínwó. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò kí ẹ rí i pé kò ha bíréèkì, torí bíréèkì ọkọ̀ eré máa ń tóbi.

Lẹ́yìn ìyẹn, atẹ́gùn. Bí ojú ọjọ́ bá fi 10°F lọ sílẹ̀, táyà á pàdánù nǹkan bíi 1 PSI, ìyẹn òṣùwọ̀n atẹ́gùn inú táyà. Ẹni tó fẹ́ atẹ́gùn sí táyà ní 70°F, tó jí bá 0°F, PSI 7 ti lọ láìsí ihò kankan. Ẹ wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, ẹ sì tẹ̀lé iye tó wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ gbá yìnyín kúrò lára ọkọ̀, títí kan orí rẹ̀. Bí ẹ bá fi ti orí sílẹ̀, bíréèkì àkọ́kọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ á wọ́ sílẹ̀ bo gíláàsì iwájú. Ẹ wo ẹnu sàlẹ́ńsà kí yìnyín má dí i. Ẹ gbọn bàtà yín kí ẹ tó wọlé, torí àtẹ́lẹsẹ̀ tútù máa ń yọ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ẹ má sì tẹná ní ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì gbóná dé inú tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i.

Búùtù mi kì í ṣaláìní ṣọ́bìrì kékeré, àpò yanrìn, bùláńkẹ́ẹ̀tì, wáyà tí a fi ń jí bátìrì àti ìkọ́ irin tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀.

Ẹ lọ ṣeré níbi tí kò sí èèyàn

Tí mo bá ní kí ẹ ṣe ẹyọ kan nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, lẹ́yìn táyà, èyí ni. Ẹ wá pápá ìgbọ́kọ̀sí gbalasa kan tí kò ní òpó iná láàárín, ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ sáré dé 20 máìlì ní wákàtí, ẹ wá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá. Bíréèkì á máa gbọ̀n gìrìgìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, á sì máa dún bí ẹni ń fi ọlọ lọ òkúta. ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí bíréèkì há táyà mọ́lẹ̀, ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Ẹ má gbé ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bẹ̀rù ariwo yẹn tí wọ́n ń fi bíréèkì sílẹ̀ lásìkò tí wọ́n nílò rẹ̀ jù. Ẹ tún un ṣe títí tí kò ní bà yín lẹ́rù mọ́, kí ẹ sì fojú wọn bí ọkọ̀ ṣe ń jìnnà tó kó tó dúró. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n á ti wọlé.

Ojú pópó

WRX òde òní, láti 2022, ní agbára ẹṣin 271, tọ́bò rẹ̀ sì máa ń ta gbọ̀n-ọ́n bí ẹní jí lójú oorun. Lórí yìnyín, ẹ má jẹ́ kó jí. Tí jíà yín bá jẹ́ ti ọwọ́, jíà kejì ni kí ẹ fi gbéra, ẹ fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì tètè máa gùn sí jíà òkè kí ẹ́ńjìnnì má baà ké. Ẹ má tan ẹ̀rọ tó ń di eré ọkọ̀ mú fúnra rẹ̀ (cruise control).

Ẹ fi àyè sílẹ̀. Ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé níbi tí omi ti dì, ọkọ̀ lè fi ìlọ́po 10 ọ̀nà tó ń gbà lórí ilẹ̀ gbígbẹ rìn kó tó dúró. Èmi máa ń wo òpó kan tí ọkọ̀ iwájú bá kọjá, màá wá máa kà á díẹ̀díẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje, ẹ̀jọ. Tí mo bá dé òpó yẹn kí n tó ka ẹ̀jọ, mo ti sún mọ́ ọn jù. Àwọn kan á ya wọ iwájú mi, kò burú, màá tún bẹ̀rẹ̀ láti ení.

Afárá ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Òtútù ń fẹ́ lókè rẹ̀, ó ń fẹ́ lábẹ́ rẹ̀, torí náà ó máa ń dì kí títì tó dì. Àwa tó ń kọjá odò Mississippi láàárín Minneapolis àti St. Paul mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Omi dídì tí kò hàn lójú máa ń jọ títì tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Tí títì bá ń dán bí omi, tí táyà ọkọ̀ iwájú kò sì ta omi sókè, tí ariwo táyà tiyín náà dákẹ́ lójijì, ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ lórí iná, kí sítíárì wà ní gbọọrọ.

Tí ẹ bá fẹ́ yà, kí bíréèkì parí kí ẹ tó yí sítíárì. Ẹ má ṣe méjèèjì pọ̀. Táyà kò ní agbára tó tó iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tó bá yọ̀

Bí ẹ bá yí sítíárì tí imú ọkọ̀ kò gbọ́, tó ń lọ tààrà, ẹ má fi kún yíyí. Ẹ dín iná kù, ẹ tú sítíárì díẹ̀, táyà iwájú á tún di ilẹ̀ mú. Bó bá jẹ́ ìdí ló fẹ́ ṣíwájú orí, ẹ wo ibi tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ má wo òkìtì tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín, kí ẹ sì yí sítíárì sí ibi tí ojú yín wà. Ẹ má tẹ bíréèkì, ẹ má sì já ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lójijì, torí ẹrù ọkọ̀ á sáré lọ síwájú, ìdí á fúyẹ́, á sì gbá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú ọkọ̀ yìí máa ń tọ́ padà tí ẹ bá fún un ní iná kékeré, àmọ́ inú pápá yẹn ni kí ẹ ti kọ́ bó ṣe kéré tó.

Bó bá rì

WRX kò ga nílẹ̀. Tí yìnyín bá ti ju imú rẹ̀ lọ, yóò wọ abẹ́, yóò sì gbé ọkọ̀ dúró lórí ikùn, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa yí lásán. Ẹni tó bá ti rì sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ọ̀nà oko rí mọ̀ pé bí ẹ bá ṣe ń tẹná tó ni yóò ṣe máa rì tó. Ẹ fi ṣọ́bìrì wa yìnyín kúrò níwájú àti lẹ́yìn táyà, kí ẹ wọ́n yanrìn sí i. Àsìkò yìí nìkan ni kí ẹ pa bọ́tìnnì tó ní àwòrán ọkọ̀ tó ń yọ̀, kí kọ̀ǹpútà má gba agbára lọ́wọ́ yín. Ẹ máa sún un síwájú, sẹ́yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ tan bọ́tìnnì padà tí ẹ bá ti jáde. Tó bá kọ̀ ńkọ́? Ẹ pè fún ìrànwọ́, ẹ dúró sínú ọkọ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ tan ẹ́ńjìnnì fún ooru, ẹ kọ́kọ́ yọ yìnyín kúrò lẹ́nu sàlẹ́ńsà, torí gáàsì olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò lóòórùn, ó sì ń pani.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ fọ iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì kí yìnyín lè yọ́ kúrò lára ọkọ̀, pàápàá lábẹ́, torí ó ń jẹ irin. Ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá gbóná díẹ̀ ju ibi tí omi ti ń dì lọ ni kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi àkísà gbígbẹ nu rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn. Èmi kò nù ún lọ́jọ́ kan, omi dì níbẹ̀, ilẹ̀kùn awakọ̀ kò sì ṣí mọ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnu ọ̀nà èrò ni mo gbà wọlé, tí mo fi ẹ̀wù òtútù ńlá ré kọjá lórí jíà, táwọn ọmọ aládùúgbò sì dúró lójú fèrèsé tí wọ́n ń wò mí.