Bí Mo Ṣe Mú Àwọn Ọmọ Mi Lọ Wo Ìpàdé Odò Ọya àti Bẹ́núé Lóṣù Ọ̀wàrà

Oṣù Ọ̀wàrà ni òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kásẹ̀ nílẹ̀ ní Kábà àti káàkiri ilẹ̀ Okun. Iṣu tuntun ti pọ̀ lọ́jà, àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì ti ń gbó, àwọn tí ó ń ta ẹ̀pà sísè ti tò sí ẹ̀bá títì, ilé ẹ̀kọ́ sì máa ń fún àwọn ọmọ ní ìsinmi ọjọ́ díẹ̀ ní àárín sáà kìn-ín-ní. Àsìkò kan náà ni àbúrò mi obìnrin tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi àwòrán àwọn ọmọ tirẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ìgbà ìwọ́wé ni lọ́dọ̀ wọn láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kọkànlá: àwọn ọmọ á wọ bàtà òjò àti ẹ̀wù òtútù, wọ́n á máa ṣa ewé pupa àti ewé aláwọ̀ ìyeyè lábẹ́ igi, wọ́n á lọ sí oko tí a ti ń sanwó kí ọmọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ já elégédé, nígbà tí ó bá sì di ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, aago á padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, ilẹ̀ á sì máa tètè ṣú. Àkọ́bí mi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, wo àwọn àwòrán náà títí, ó wá ní, "Mọ́mì, àwa ńkọ́? Níbo ni àwa ń lọ ní tiwa?"

N kò fẹ́ fi ìbéèrè náà falẹ̀. Ewé igi wa kì í wọ́ lóṣù Ọ̀wàrà. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni tíìkì àti àràbà máa ń wọ́wé. Ní ti elégédé, àwọn ọmọ mi kò nílò kí a sanwó kí wọ́n tó rí i, ó wà lẹ́yìn ilé ìyá bàbá wọn. Ohun tí oṣù yìí ní nílẹ̀ wa ni omi. Odò Ọya ń bọ̀ láti ilẹ̀ Gínì, Bẹ́núé ń bọ̀ láti orí òkè ilẹ̀ Kamẹrúùnù, Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti pàdé, òjò tí ó ti ń rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún òjò sì ń dà sínú àwọn méjèèjì, tí ó fi jẹ́ pé láti ìparí oṣù kẹsàn-án wọ oṣù kẹwàá ni omi máa ń kún jù lọ níbẹ̀. Àwọn ọmọ mi kò tíì rí i rí. Mo pinnu pé ibẹ̀ ni a ń lọ.

Bàbá wọn fẹ́ kí a wọ ọkọ̀ ojú omi dé ibi tí àwọn odò náà ti pàdé gan-an. Mo ní rárá. Ẹni tí ó bá rántí ọdún 2012 àti ọdún 2022, nígbà tí omi wọ ilé àwọn ènìyàn ní Lọ́kọ́ja tí ó sì dí ọ̀nà Àbújá pa, kò ní gbé ọmọ ọdún méjì bíi ti àbíkẹ́yìn wa sínú ọkọ̀ ojú omi lóṣù Ọ̀wàrà, pàápàá nígbà tí kò dá a lójú pé ọlọ́kọ̀ ní ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó ní ìwọ̀n ọmọdé. Mo ní láti orí Òkè Patti, òkè tí ó wà ní Lọ́kọ́ja, ni a ó ti wò ó. Ó kọ́kọ́ fajú ro, ṣùgbọ́n ó gbà nígbà tí mo rán an létí pé òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe òmùwẹ̀.

Mo tún pinnu pé lẹ́yìn òkè àti odò, a kò ní dé ibòmíràn. Lọ́kọ́ja kún fún ohun tí ènìyàn lè wò: irin tí ó dúró gẹ́gẹ́ bí àmì ìtúsílẹ̀ àwọn ẹrú wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ Holy Trinity, itẹ́ òkú àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ wà níbẹ̀, ìlú náà ni Lugard sì ti kéde ìjọba òyìnbó lórí Àríwá Nàìjíríà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900. Gbogbo rẹ̀ ni mo yọ kúrò. Ọmọ ọdún méjì kò mọ Lugard, kò sì bèèrè rẹ̀. Ìrìn àjò tí òbí bá to ohun mẹ́rin tàbí márùn-ún sínú rẹ̀ nítorí ọmọdé máa ń di ẹkún kí ó tó di ọ̀sán.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ni mo di ẹrù. Iṣu sísè àti ẹyin díndín wọ inú kúlà, mo kó ọsàn, omi mímu sì ju èyí tí mo rò pé a ó mu lọ, nítorí ooru Lọ́kọ́ja kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Kábà. Mo kó ẹ̀wù alápá gígùn, fìlà, àti bàtà tí ó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, nítorí koríko orí òkè máa ń ga ní àsìkò yìí, ejò sì lè wà nínú rẹ̀. N kò mú kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ọ̀já méjì ni mo mú, kí èyí tí ó gbẹ lè wà bí ọ̀kan bá tutù.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀pà ni ó fẹ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti se ẹ̀pà tútù kún ìkòkò fún ìrìn àjò náà. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, mo ní, "Màmá, ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àbíkẹ́yìn kò ní jẹ ẹ́ ní odidi o."

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ọkọ rẹ tí o rí yẹn, ẹ̀pà ni mo fi tọ́ ọ."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Síbẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun ọmọ kékeré ṣe tóóró, eyín ẹ̀yìn tí ó yẹ kí ó fi lọ ẹ̀pà kúnná sábà máa ń ṣẹ́ kù tí kò tíì hù tán ní ọmọ ọdún méjì, bí hóró kan bá sì gba ọ̀nà èémí lọ nínú ọkọ̀ tí ń sáré, nǹkan lè bàjẹ́ kí ẹni tí ó jókòó níwájú tó mọ̀. Àwọn oníṣègùn a máa kìlọ̀ pé kí a má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní ẹ̀pà odidi. Mo gún ti àbíkẹ́yìn kúnná, mo pò ó mọ́ ànámọ́ sísè. Màmá tọ́ ọ wò, wọ́n sì ní kí n bu díẹ̀ fún àwọn náà. Àwọn méjì tí ó dàgbà jẹ tiwọn lórí ìjókòó, nígbà tí ọkọ̀ bá dúró nìkan.

Ojúmọmọ ni a fẹ́ lọ, ojúmọmọ ni a sì fẹ́ padà, nítorí náà oòrùn kò tíì yọ tán tí a fi kúrò ní Kábà. Ọ̀nà Ọbájánà ni a gbà. Àwọn tírélà tí ó ń kó símẹ́ńtì pọ̀ lójú ọ̀nà náà, wọ́n sì gùn, bàbá wọn kò sì gbìyànjú láti ya èyíkéyìí sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà bá ti kọ́lọkọ̀lọ. Ọmọ kejì, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, máa ń bì nínú ọkọ̀. Ohun tí mo ti rí pé ó ń ràn án lọ́wọ́ ni kí ó jókòó síbi tí yóò ti máa rí ọ̀nà níwájú, kí bẹ́líìtì wà lára rẹ̀, kí fèrèsé ṣí díẹ̀, kí ó má ṣe tẹjú mọ́ fóònù tàbí ìwé, kí oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ìwọ̀nba búrẹ́dì lásán. Mo fi kíka tírélà ṣe eré fún wọn: olórí pupa jẹ́ tirẹ̀, olórí funfun jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò bì. Ṣùgbọ́n kí a tó dé Kábà Jọ́ńṣọ̀n, níbi tí a ti bọ́ sí ọ̀nà tí ó ti Òkene wá, ìjà ti dé lórí tírélà aláwọ̀ ewé kan tí àwọn méjèèjì ní ti àwọn ni.

Ọkọ̀ lè gun Òkè Patti, nítorí ọ̀nà kan wà tí ó lọ́ kiri ara òkè náà dé orí. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a dé òkè, mo ní kí bàbá wọn gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí àwọn ọmọ lè fi ẹsẹ̀ wọn rin ìyókù. Ọmọ tí wọ́n bá fi ọkọ̀ gbé dé orí kò mọ̀ pé òun gun òkè. Ibẹ̀ ni àbíkẹ́yìn ti rí ọ̀kùn. Ọ̀kùn dúdú kan ń kọjá lójú ọ̀nà, ó gùn tó ìka àárín mi, àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ tínínrín ń tẹ̀ lé ara wọn láti ẹ̀yìn lọ sí iwájú. Ọmọ náà lóṣòó tì í. Ó fi ìka kan kàn án, ọ̀kùn náà ká jọ bí ẹní tí a ká. Ó dúró dè é. Ọ̀kùn tú ara rẹ̀ ká, ó ń lọ. Ó tún kàn án. Bàbá rẹ̀ wo aago, ó wò mí, mo ní kí ó fi í sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ibi mẹ́rin ni a ní láti dé lọ́jọ́ náà, ǹ bá ti fà á dìde. Nígbà tí ọ̀kùn wọ inú koríko, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ọmọ náà dáadáa, nítorí oje tí ọ̀kùn ń tú jáde lè ta ojú bí ọmọ bá fi ọwọ́ náà nù ún.

Igi oṣè ńlá kan wà lórí òkè, ilé ìsinmi tí a ń pè ní ti Lugard náà sì wà níbẹ̀. A kí àwọn àgbàlagbà méjì tí a bá lábẹ́ igi, "Okun o," ọ̀kan nínú wọn sì dáhùn pẹ̀lú ohùn Òwórò, ó bèèrè ilé tí a ti wá, ó fún àwọn ọmọ ní ààyè lórí òkúta tí ó ní òjìji.

Òjò ti fọ ojú ọ̀run mọ́, ọyẹ́ kò tíì dé. Lóṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní, eruku ọyẹ́ lè bo gbogbo ìsàlẹ̀ náà débi pé ẹni tí ó bá gun òkè kò ní rí òdìkejì odò. Lọ́jọ́ tiwa, omi tẹ́ lọ rẹrẹ, Ọya láti apá kan, Bẹ́núé láti apá kejì, a sì rí i pé àwọ̀ wọn kò bára mu níbi tí wọ́n ti pàdé. Wọ́n ń bá ara wọn rìn ní ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n tó dàpọ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún kò tilẹ̀ wo àwọ̀. Orí igi tí ó yọ láàárín omi ni ó ń wò, ó ní, "Mọ́mì, ta ló gbin igi sínú odò?"

Mo sọ fún un pé ilẹ̀ gbígbẹ ni ibẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, pé àwọn ènìyàn ń dáko níbẹ̀, àti pé odò ni ó wá bá igi nílé. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó o. Mo wá ibi tí ilẹ̀ ti da gẹ̀rẹ́, mo fi igi la ipa méjì tí ó pàdé ní ìsàlẹ̀. Àkọ́bí po erùpẹ̀ pupa mọ́ omi inú ike kan, àbúrò rẹ̀ mú ike omi tí ó mọ́, wọ́n sì jọ dà á lẹ́ẹ̀kan náà. Omi pupa ló kọ́kọ́ dé ìpàdé, ó sì ya wọ ipa kejì, ó ń gùn ún lọ sókè, títí omi mímọ́ fi dé tí ó dúró, tí ó ru, tí ó bo etí ipa tirẹ̀ kí àwọn méjèèjì tó jọ wá ọ̀nà lọ. Inú mi dùn sí èyí ju bí mo ti rò lọ, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni odò kan tí ó kún ṣe máa ń dá èkejì dúró ní Lọ́kọ́ja, tí omi fi ń wọlé àwọn ènìyàn tí kò sí létí odò pàápàá. "Níbo ló ń lọ?" Mo ní Ìdàh, Oníṣà, lẹ́yìn náà òkun. Wọ́n fẹ́ kí a tún un ṣe, ṣùgbọ́n omi mímu ni, mo sì fi ìyókù pamọ́.

Ọkùnrin kan tí ó ń fi òkè náà han àwọn àlejò mìíràn ń sọ pé ibẹ̀ ni Flora Shaw dúró sí pẹ̀lú Lugard ọkọ rẹ̀, tí ó wo odò náà, tí ó sì sọ wá ní Nàìjíríà. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ọdún kò gbà á láyè: inú ìwé ìròyìn The Times ti London ni Shaw ti dábàá orúkọ náà lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1897, ọdún 1902 ni òun àti Lugard sì tó ṣe ìgbéyàwó. N kò já ọkùnrin náà nírọ́ lójú àlejò. Inú ọkọ̀ ni mo ti sọ ọ́ fún àkọ́bí.

Kí oòrùn tó kan àtàrí ni a ti sọ̀ kalẹ̀. A jẹun ní ìlú, níbi tí ó jìnnà sí etí omi, ẹja àrọ̀ ni mo sì yàn fún àwọn ọmọ nítorí pé egungun wẹ́wẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Gbogbo wọn sùn lójú ọ̀nà, a sì dé Kábà nígbà tí ilẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ kedere.

Ohun tí ó kù ni ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn, nítorí àsìkò wọn ni òpin òjò jẹ́. Ní ọdún 1841, nígbà tí àwọn òyìnbó gbìyànjú láti dá oko sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, ibà pa púpọ̀ nínú wọn. Ní ọdún 1854, Baikie, oníṣègùn òyìnbó kan, àti àwọn tí ó bá a wá nínú ọkọ̀ ojú omi Pleiad, tí Àjàyí Crowther wà láàárín wọn, ń lo kùínì, oògùn tí ń dènà ibà, òyìnbó kan kò sì kú. Ní tiwa, abẹ́ nẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọmọ ń sùn, mo sì ṣọ́ ara wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìrìn àjò náà, nítorí ibà kì í fara hàn lọ́jọ́ tí ẹ̀fọn bá jẹ ọmọ. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ara ọ̀kan bá gbóná, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ mú un lọ ṣe, kí a tó ra oògùn. Ara kò gbóná.

Bàbá wọn kò tíì gbàgbé ọkọ̀ ojú omi. Mo ti gbà pé kí a padà lọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, lóṣù kejì tàbí oṣù kẹta, nígbà tí omi bá ti fà tí iyanrìn sì ti yọ láàárín odò, bí òun bá lè rí ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó rà ní ìwọ̀n ọmọ kọ̀ọ̀kan kí ìgbà náà tó dé. A kò ní gun òkè lọ́jọ́ náà.