Bí Wọ́n Bá Ń Pe Ọmọ Yín Ní Orobo Nílé Ìwé

Aránṣọ yunifọ́ọ̀mù ni mí ní Mọ́kọlá, n'Ìbàdàn. Ẹ̀yin ìyá, ọ̀dọ̀ wa gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ má pariwo ìwọ̀n ikùn ọmọ lójú èrò. Èmi kì í pè é sókè, ìwé ni mo máa ń kọ ọ́ sí. Bí aṣọ èṣí bá há, aṣọ ló kéré. Ẹ ní kí aránṣọ yọ̀ǹda etí aṣọ dáadáa nínú, kó lè ṣeé tú.

Ara ọmọbìnrin sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sí ti àgbà láàárín ọdún 8 sí 13, ti ọkùnrin láàárín 9 sí 14. Ẹni tí tirẹ̀ yá jù àti ẹni tí tirẹ̀ pẹ́ ni wọ́n máa ń fi ṣẹ̀sín. Ẹ tètè sọ èyí fún ọmọ yín.

Tó bá ń wọ súwẹ́tà nínú oòrùn, tí inú ń run ún láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, tó ń gbé oúnjẹ rẹ̀ bọ̀ wálé láìjẹ, ẹ bi í pé, "Kí ni wọ́n sọ gan-an?" Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà àti ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ lọ bá olùkọ́ kíláàsì. Ẹ má lọ bá ọmọ ọlọ́mọ jà ní géètì o. Ọmọ tiyín lojú máa tì. Ẹ kọ́ ọ lésì kúkúrú: "Orúkọ mi kọ́ nìyẹn," kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Bó bá kọ oúnjẹ pátá, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ gbé e lọ ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn lọ́jọ́ náà. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́ wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin àǹtí tó ń pe ọmọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ ní "lẹ́pa mi" nílé ńkọ́? Ẹ dákun, ẹ jáwọ́.