Ìmọ̀ràn mi nígbà tí MCAT fẹ́ yí padà ní 2015: ẹ má sáré
Nígbà náà, mo bẹ àwọn àbúrò mi tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ dókítà ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n má sáré ṣe MCAT, ìdánwò ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn níbẹ̀, ní oṣù kìíní 2015 torí pé tuntun ń bọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún náà. Lóòótọ́, tuntun gùn gan-an, wọ́n sì fi sáíkọ́lọ́jì àti sosiọ́lọ́jì kún un. Ṣùgbọ́n bí èèyàn ò bá tíì ka físíìsì àti kẹ́mísìrì tán, kí ló fẹ́ lọ kọ? Máàkì tí kò dára kì í parẹ́, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn yóò rí i. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó wù wọ́n: títí ọdún wo ni ilé ẹ̀kọ́ náà máa gba máàkì MCAT ti àtijọ́? Mo sì ní kí ẹni tó ti kàwé yó, tó fẹ́ wọlé ní 2016, tètè forúkọ sílẹ̀ nígbà náà.