Omi Ló Ń Ba Ọbẹ̀ Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Dáná Jẹ́

Wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Owó pa ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo sè ní Àkúrẹ́, kò sì dùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá kan sí ìtòsí South Gate yunifásítì FUTA ni. Nílé àwọn òbí mi, ohun tí mo ń ṣe nídìí iná kò ju kí n gbé omi tíì kaná lọ. Ní Sátidé kan mo lọ sí Ọjà Ọba, mo ra ata, mo ra ẹran, mo ní èmi náà á sè é. Nígbà tí mo bu díẹ̀ fún ìyá onílé wa pé kí wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n wo inú abọ́, wọ́n wò mí, wọ́n ní: “Ọkọ mi, ṣé ọbẹ̀ nìyí, àbí omi tí ata kọjá lára rẹ̀?”

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣàkíyèsí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáná. Iyọ̀ kọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ já wọn kulẹ̀, Maggi kọ́. Omi ni. Nítorí pé a kì í rà á lọ́jà pẹ̀lú ata, a kì í kà á mọ́ ohun tí a fi ń sebẹ̀.

Ọjà gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe kó tòmátì kún báàgì torí pé ó pọ́n, ó sì pọ̀ lójú. Tòmátì Yorùbá, èyí tí ara rẹ̀ ṣẹ́ ketekete, omi àti kóró ló kún inú rẹ̀, ó sì máa ń kan. Tàtàṣé ló ń mú ọbẹ̀ ki. Bí mo bá ra tàtàṣé 6, tòmátì mi kì í ju 3 lọ, àlùbọ́sà ńlá 1, ata rodo 2 tàbí 3 bí ẹnu bá ṣe gbà á sí. Tí ẹ bá gbé e dé ìdí ẹ̀rọ, ẹ dúró tì í. Ẹni tó ń lọ ata máa ń bu omi sí i kí ẹ̀rọ lè tètè gbé e. Ẹ sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ pé ẹ ò fẹ́ omi, tàbí kó jẹ́ ìwọ̀nba. Bí ó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú.

Nígbà tí ata bá délé, ẹ má gbé òróró kaná. Ibí yìí ni èmi ti ṣubú. Mo da òróró sí ìkòkò, mo da ata tútù lé e, ó ń ta sí mi lójú, mo sáré dé e. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 ebi ti ń pa mí, mo ní ó ti jinná. Kò jinná. Ata tí omi ara rẹ̀ kò gbẹ kì í dín, ńṣe ló ń bọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń kan, tó sì ń rùn bí ata tútù. Ata nìkan ni kí ẹ gbé kaná láìsí òróró, kí ẹ ṣí ìdérí sílẹ̀ kí ooru lè jáde. Nígbà tí ẹ bá fi ṣíbí wọ́ ọ, tí ìdí ìkòkò hàn, tí ata kò sì tètè ṣàn padà bò ó, omi ti gbẹ. Ìgbà náà ni òróró tó wọ ọ̀rọ̀. Ẹ máa rò ó títí òróró yóò fi yọ sókè fúnra rẹ̀. Kò sí ọ̀nà àbùjá.

Ẹran náà ní omi nínú. Ẹ gé àlùbọ́sà sí i, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ dé e lórí iná kékeré. Ẹ ó rí i pé omi yóò jáde lára rẹ̀. Bí èyí bá ń gbẹ lọ ni kí ẹ tó bu díẹ̀ kún un. Ẹni tó bu omi kún ìkòkò láti ìbẹ̀rẹ̀, tó wá da omi ẹran nù níkẹyìn kó lè ráyè dín ẹran, adùn ló dà nù yẹn. Omi ẹran ni ẹ ó fi là ata tí ẹ ti dín.

Èyí tó kù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn mọ́. Ẹ má ju ẹja tí omi ń kán lára rẹ̀ sínú òróró gbígbóná, ẹ nù ún gbẹ kí ó má baà ta sí yín lára. Bí òróró tàbí epo bá sì gbiná nínú agbada, ẹ má da omi sí i láéláé. Omi wúwo ju epo lọ: á rì sí ìsàlẹ̀, á di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, á sì gbé epo tó ń jó náà sókè sára òrùlé àti sára yín. Ẹ pa gáàsì, ẹ fi ìdérí dé agbada, ẹ fi í sílẹ̀ títí yóò fi tutù. Ẹ má gbé e sáré jáde. Nídìí gáàsì yìí kan náà ni mo ti rí ibi tí omi ti wúlò: ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, ẹ fi pa ẹnu sílíńdà àti rọ́bà rẹ̀. Bí ó bá ń yọ ìfófòó, gáàsì ń jò.

Ẹ̀fọ́? Ẹ fún un dáadáa. Ti gbúre le jù, torí omi ni gbogbo ara rẹ̀. Ọbẹ̀ tó ki lè di àbàtà lójú yín. Ìrẹsì ní tirẹ̀ ń wú. Agolo mílíìkì 2 tó ènìyàn 2, ẹ má wo bó ṣe kéré nígbà tó ṣì wà ní gbígbẹ.

Mo mọ̀ pé ní Àkúrẹ́ níbí, ẹni tí àlejò dé bá, iyán ló máa ń sọ sí i lọ́kàn. Ẹ má fi iyán bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá kọ̀ tí ẹ fẹ́ gún un, ẹ má ra iṣu tuntun. Iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, omi rẹ̀ pọ̀, iyán rẹ̀ kì í dúró. Ẹ sè é fi epo jẹ. Iṣu tó ti pẹ́ ní abà ni ti odó. Ẹ má tètè bu omi sínú odó, ẹ kọ́kọ́ gún un títí kókó yóò fi tán. Omi tó wọlé ṣáájú ń jẹ́ kí kókó máa yọ̀ sá lábẹ́ ọmọ odó.

Bí ọbẹ̀ bá wá kù, tí iná mọ̀nàmọ́ná kò sí, ẹ má dé e pa nígbà tó ń gbóná. Ooru tó há sábẹ́ ìdérí kì í jẹ́ kó tètè tutù, ìyẹn ló sì ń mú un tètè kan. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ kí ẹ tó dé e, ẹ kaná rẹ̀ láàárọ̀, ẹ kaná rẹ̀ lálẹ́, kí ó hó dáadáa, ẹ má sì ti ṣíbí tí ẹ fi jẹun bọ̀ ọ́. Tí ẹ bá jí tí ojú rẹ̀ ń hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, ẹ dà á nù. Kíkaná kò lè gbà á mọ́.